Kí Ló Ń Bá Oníṣòwò Kọjá Ààlà?

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti Kùmásí, Tamale àti Yendi ní Gánà padà wá sílé sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo kí yín. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà lé itan, tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mo kí ẹ̀yin náà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mi lẹ ń kọ sílẹ̀, ó dára. Bó bá jẹ́ pé oníbàárà lẹ ń dá lóhùn, ó tún dára ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n wá sọ bí ọ̀dọ́ ṣe lè dá ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, kó sì gbé e dé ilẹ̀ òkèèrè. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ ju ti ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti rọ́wọ́ mú nílé, tó wá ní òun ń lọ sí ìlú mìíràn, kí ló ń bá a kọjá ààlà, kí ló sì ń dúró sílé?

Èsì mi kò gùn, n kò sì ní fi í pamọ́ di ìgbẹ̀yìn. Ohun tó ń bá a kọjá kéré púpọ̀ sí èyí tó rò. Ẹni tó ti di àgbẹ̀ nílé, ọdẹ ni yóò tún dà lẹ́yìn ààlà. Àlàyé gbólóhùn yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ.

1. Ta ni ọdẹ, ta ni àgbẹ̀?

Startup ni àwọn ọmọ Yábàá ní Èkó ń pe ilé-iṣẹ́ tí à ń wí yìí. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ gbogbo ẹnu débi pé ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìrun dídì lánàá náà ń pe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ní kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ má tíì ju ọmọ ọdún 10 lọ, kó sì jẹ́ pé ohun tuntun kan nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń ṣe tàbí ló ń lò. Òfin gbọ́dọ̀ fa ìlà síbì kan, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ ni èmi fi ń dá a mọ̀.

Àgbẹ̀ mọ ibi tí iṣu rẹ̀ wà. Ó mọ iye ebè tó kọ, ó mọ oṣù tí yóò wa iṣu, ó lè jókòó sábẹ́ igi kó ṣírò ohun tí yóò kó dé ọjà. Ọdẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ igbó, ó mọ ojú ẹsẹ̀ ẹran, ó ní ìbọn, ó ní ajá, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè sọ fún un nírọ̀lẹ́ pé ẹtu mẹ́ta ni yóò pa kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣì ń wá ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀, iye tí onítọ̀hún yóò san, àti ìdí tí yóò fi padà wá rà á lẹ́ẹ̀kejì, ọdẹ ni, ì báà ti pé ogún ọdún. Èyí tó ti rí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó kàn ń fẹ oko rẹ̀, àgbẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọdún méjì péré ló ti dáyé. Iṣẹ́ méjèèjì ló níyì. Ibi tí wàhálà wà ni kí ènìyàn gbé ọkọ́ lọ síbi tó yẹ kó gbé ìbọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká tún yẹ ọ̀rọ̀ ààlà wò. Àwa tí a ti bá kọ́sítọ́ọ̀mù fà á ní Sèmẹ̀ mọ ààlà kan: okùn tí wọ́n ta sójú ọ̀nà. Òun kọ́ ni mo ní lọ́kàn. Ààlà tí mò ń wí ni ibi tí ohun tí o mọ̀ ti tán. Ó lè jẹ́ ibi tí owó ti yí padà, ó lè jẹ́ ibi tí òfin ti yí padà, ó sì lè jẹ́ ibi tí ẹni tó ń rajà kò ti mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́. Láti Ìmẹ̀kọ dé Kétu, èdè kan náà ni, ìbátan sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n náírà ti di CFA, òfin Nàìjíríà ti di ti Benin. Láti Ìbàdàn dé Kánò, náírà kan náà là ń ná, síbẹ̀ ẹ bi oníṣòwò tó bá ti dé ibẹ̀ rí bóyá kò sí ààlà lójú ọ̀nà.

2. Ohun tó dúró sí Kẹ́ńyà

Ní oṣù Kẹta ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ fóònù Safaricom gbé M-Pesa jáde ní Kẹ́ńyà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Nairobi yóò kó owó fún oníṣọ́ọ̀bù kan, yóò tẹ fóònù rẹ̀, ìyá rẹ̀ lábúlé yóò sì gba owó náà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù mìíràn. Fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà. Kó tó dìgbà yẹn, ọwọ́ awakọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi owó rán, wọn a sì máa gbàdúrà kó débẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló wà níbẹ̀ tí kò ní àkáǹtì ní báńkì kankan, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi owó ránṣẹ́ sílé. Safaricom ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lo fóònù. Báńkì àpapọ̀ Kẹ́ńyà sì gbà kí wọ́n dán an wò kí òfin tó wá tọ́ ọ. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Inú Kẹ́ńyà ni wọ́n wà.

Ní 2010, Vodacom, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí Safaricom lábẹ́ Vodafone, gbé M-Pesa dé Gúúsù Áfíríkà pẹ̀lú báńkì Nedbank. Mílíọ̀nù 10 oníbàárà ni wọ́n ń retí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2014 wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún gbé e jáde. Ní 2016 wọ́n pa á tì. Àwọn tó ń lò ó déédéé kò ju nǹkan bí 76,000 lọ. Ní ilẹ̀ yẹn, àwọn tó ní àkáǹtì báńkì ti pọ̀, àwọn ilé ìtajà ńlá náà sì ti ń bá aráàlú fi owó ránṣẹ́. Ẹni tí ebi kò pa ni wọ́n gbé oúnjẹ fún.

Ẹ má sì sọ pé M-Pesa ni kò dára. M-Pesa kan náà dé Tanzania ní 2008, ó sì ta gbòǹgbò níbẹ̀. Mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí ló kọjá ààlà lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Wọn a ní ẹ̀rọ ni. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ kọjá. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń wá ẹ̀rọ náà kiri ni kò kọjá. Bí àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe dé Gúúsù Áfíríkà. Oko kò sì sí níbẹ̀.

3. Tamale ti wà kí Yábàá tó wà

N kò mọ ohun tó dé tí a fi ń sáré lọ sí California láti kọ́ ohun tí àwọn ará ilé wa ti ṣe láti ìlú yìí. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ̀tì, Ìgbòho, Ìlọrin àti Ọ̀fà ti ń ta ọjà ní Gold Coast tipẹ́tipẹ́ kí ilẹ̀ náà tó di Gánà. Onímọ̀ kan, J. S. Eades, lọ bá wọn ní apá àríwá, ó sì kọ odindi ìwé kan nípa wọn tó jáde ní 1993. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí ìwé náà kà, kó jókòó ti bàbá kan nínú gbọ̀ngàn yìí, yóò gbọ́ ètò kan náà.

Ẹni àkọ́kọ́ kì í kó ọjà rẹpẹtẹ lọ. Ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká ló ń kó. Ó ń ná ọjà kan dé òmíràn, ó ń tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń béèrè tí kò sí lórí àtẹ. Nígbà tó bá rí i, ó ránṣẹ́ sílé, àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n sì dé. Ọmọ yẹn yóò sìn ín fún ọdún gbọọrọ. Kì í gba owó oṣù, oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ ló ń gbà. Yóò gbọ́ Hausa, yóò gbọ́ Dagbani, yóò mọ oníbàárà tó ń san gbèsè àti èyí tó ń sá. Lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ bá là, ọ̀gá yóò fún un lówó tàbí lọ́jà pé kó lọ dá dúró, ó sì lè jẹ́ ìlú tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò tíì dé ni yóò gbà lọ.

Kò sí ẹni tó yá owó ńlá láti ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá ní ìlú mẹ́wàá lọ́jọ́ kan. Ọjà kì í ṣáájú, ojú ló ń ṣáájú ọjà. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta wo ojú ẹsẹ̀ ẹran kó tó yin ìbọn, kí lẹ ó pè é bí kò ṣe ọdẹ? Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n wọlé lóòótọ́, ẹ bi ará Gánà ní orúkọ ọṣẹ dúdú. Yóò ní alata samina. Alata, àwa ni. Nígbà tí oníbàárà bá fi orúkọ ènìyàn ẹ pe ọjà, ìyẹn kọjá ìpolówó.

Ibi tó ń dunni ló kù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì ló ní láti fi kúrò. Àwọn tó jókòó síwájú mi mọ ìtàn náà jù mí lọ: ẹrù tí wọ́n tà ní ọ̀pọ̀, gbèsè tí wọn kò rí gbà, ọmọ tí wọ́n bí ní Tamale tó wá ń béèrè ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ni wọ́n ṣe tí kò tọ́? Wọ́n mọ oníbàárà, wọ́n mọ èdè, wọ́n ní ìgbẹ́kẹ̀lé. Ìwé ni wọn kò kà sí. Ẹ má sì yára dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí púpọ̀ nínú wọn lọ, ọ̀gá kan náà ló ń jọba lórí Gold Coast àti Nàìjíríà. Gánà gba òmìnira ní 1957, àwa gbà á ní 1960, ẹni tó sùn ní ilé rẹ̀ ní Tamale sì jí, ó ti di àjèjì. Ààlà ló wá ká wọn mọ́lé.

Mo fi kún un pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ìtàn. Òfin ìdókòwò tí Gánà ṣe ní 2013 ní kí àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ọjà títà mú ó kéré tán mílíọ̀nù kan dọ́là wá, kó sì gba ọmọ Gánà 20 tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Ní 2019 àti 2020, àgádágodo bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà ní Kùmásí àti Accra. Ẹni tó bá ń lọ lónìí, kó kọ́ ti ojú lọ́dọ̀ àwọn bàbá wa, kó sì wá agbẹjọ́rò kó tó wá ṣọ́ọ̀bù.

4. Owó tó ń dín kù lórí ìjókòó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹ gbé ilé-iṣẹ́ kan kalẹ̀ lọ́kàn yín tí kò pàdánù oníbàárà kan, tó ń tà bó ṣe ń tà tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó fún un lówó bá wà ní Amẹ́ríkà, tó ń fi dọ́là wọ̀n ọ́n, nǹkan bí ìdámẹ́ta ni yóò rí. Kò sí ohun tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ṣe. Ó kàn jókòó ni.

Jason Njoku tètè rí èyí. Ó lọ bá àwọn tó ń ta fíìmù ní Alábà, ó ra ẹ̀tọ́, ó dá iROKOtv sílẹ̀ ní 2011. Fíìmù Nàìjíríà ló ń tà, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ní London àti ní Amẹ́ríkà ni oníbàárà tó ń sanwó jù. Ní 2020 ilé-iṣẹ́ náà sọ ọ́ gbangba pé àwọn tó wà lókè òkun ni òun yóò gbájú mọ́. Àwọn kan bínú. Èmi kò bínú. Ó lọ síbi tí ojú ẹsẹ̀ ẹran wà.

Jumia, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, gba ọ̀nà mìíràn. Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ó tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní mẹ́wàá, ó sì wọ ọjà ìpín ìdókòwò New York ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kó kúrò ní Cameroon àti Tanzania. Ní 2024 ó kó kúrò ní Gúúsù Áfíríkà àti Tunisia. Oko púpọ̀, ebè díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ó sọ pé owó àwọn olùdókòwò ló ń lé ènìyàn sáré. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó fún ẹ lówó ní ogún ajá nínú igbó. Bí mẹ́tàdínlógún bá sọnù, tí mẹ́ta gbé ẹran wálé, inú rẹ̀ dùn. Ìwọ, ajá kan ni ẹ́.

Ohun kan wà níhìn-ín tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná CFA kan náà lábẹ́ báńkì àpapọ̀ kan tó wà ní Dakar: Benin, Togo, Senegal, Côte d'Ivoire, Mali, Niger, Burkina Faso àti Guinea-Bissau. Ilé-iṣẹ́ Wave wọ Senegal, ó ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré lòun yóò gbà lórí owó tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́, fífi owó sí i àti gbígbà á jáde di ọ̀fẹ́. Nígbà tó dé Abidjan ní Côte d'Ivoire, owó kan náà ló bá níbẹ̀. Àwọn ará Èjìgbò tó ń lọ síbẹ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Ní ọjà Èjìgbò, ẹni tó na CFA kò ṣàjèjì. Lójú tèmi, ọ̀dọ́ ìlú yìí tó bá ń rò ó láti tajà lẹ́yìn Nàìjíríà, ọ̀nà Kútọnu dára fún un ju ọ̀nà London lọ, bí kò tilẹ̀ ní iyì tó o létí àwọn ọ̀rẹ́.

5. Nígbà tí àwa jẹ́ onílé

Ẹ yí i sódì: ẹ wo àlejò tó wá bá wa. Ní 2001, MTN láti Gúúsù Áfíríkà san mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ìwé àṣẹ fóònù. Ìṣẹ́jú ni àwọn iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ dé ń kà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún san owó ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ní àkókò kò tíì tó láti ka ìṣẹ́jú àáyá. Ní 2003 Glo ti Mike Adenuga dé, ọjọ́ kìíní pàá ló ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá, àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Onílé mọ ohun tó ń dun onílé. MTN gbọ́n, ó tẹ̀lé e, ó sì di ìlú mọ́-ọn-ká.

Ṣùgbọ́n ní 2015 ìjọba bù ú ní owó ìtanràn bílíọ̀nù 5.2 dọ́là nítorí mílíọ̀nù márùn-ún síìmù aláìforúkọsílẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò pa. Ní 2016 wọ́n dín in kù sí bílíọ̀nù 330 náírà. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti lò láàárín wa nígbà tí wọ́n bù ú. Àlejò tó pẹ́ nílé kò tíì di ọmọ ilé.

6. Ìṣubú tèmi

Àwa mẹ́ta kan ní Ìbàdàn ṣe ìwé gbèsè kan sórí fóònù: oníṣòwò yóò kọ orúkọ oníbàárà àti iye tó jẹ, fóònù yóò máa rán onígbèsè létí. Àwọn ìyá ní Bódìjà àti Gbági gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Orí wa wú. A ní ó di Kútọnu.

A tú u sí Faransé. A gba ọ́fíìsì lórí àjà kẹta. A dé ọjà Dantokpa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí a bá níbẹ̀ ń sọ Fọ̀n, Gùn àti Nàgó, wọn kì í sì í ka Faransé. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì la de sísan gbèsè mọ́. Wọ́n ń béèrè pé owó orí fóònù ńkọ́. Oṣù mẹ́jọ la lò. Ìyá aláṣọ kan, Nàgó ni, pè mí jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní, “Ọmọ mi, ta lo mọ̀ níbí?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwọn tó ń lò ó ní Ìbàdàn fún un. Ó jẹ́ kí n kà á tán. Ó ní, “N kò bi ọ́ ní ará Ìbàdàn.”

Paystack, tí ọmọ Yunifásítì Babcock méjì, Shola Akinlade àti Ezra Olubi, dá sílẹ̀ ní 2015, kò ṣe tiwa. Nílé, káàdì àti báńkì ni wọ́n fi ń gba owó. Nígbà tí wọ́n dé Gánà, wọ́n fi owó orí fóònù sí i, torí òun làwọn ará ibẹ̀ ń ná. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Stripe ti Amẹ́ríkà rà wọ́n. Bí mo bá tún padà sí Kútọnu, n kò ní gba ọ́fíìsì. N ó rán ọmọ kan ṣoṣo lọ, yóò jókòó ti ìyá aláṣọ yẹn fún ọdún kan, yóò máa bá a ká aṣọ, yóò máa kọ gbèsè rẹ̀ sínú ìwé lásán. Ètò Tamale ni. Ó wà ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí mi, n kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé gbèsè, ìwé ọjà tàbí rìsíìtì àtijọ́ láti Gánà nínú àpótí, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi dáná. Kò sí iléèwé ìṣòwò kankan tó ní irú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù wọn. Ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì yín. Wọn yóò wá bá yín nílé, wọn yóò ya fọ́tò ewé kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ yín ni ìwé náà yóò sì wà.